Dókítà Inú: Ẹnì Kan Ń Yìn Ín, Ẹlòmíràn Ń Bú U

 

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìwé, àríyànjiyàn kan ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò tí a máa ń jókòó sí. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ dókítà kan tí ó ń tọ́jú àrùn inú ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Ènìyàn mẹ́rin ló sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀.

Bàbá àgbẹ̀ kan ní: « Dókítà yẹn gbà mí. Ọdún mẹ́fà ni inú fi ń ta mí bí iná. Mo lo oògùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ara mi yá. Kí Ọlọ́run fún un ní ẹ̀mí gígùn. »

Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó ń ránṣọ ní: « Ẹ̀yin lẹ rí i bẹ́ẹ̀, bàbá. Ní tèmi, owó mi ló jẹ. Ó ti rọ́bà bọ̀ mí lọ́fun, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Ó kọ ìwé lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa lọ. Inú ṣì ń run mí títí di òní. »

Ìyá àgbà kan tí ó ń ta gàrí ní: « Èmi ò lè bú u, n kò sì lè yìn ín tán. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé mi, ọ̀rọ̀ mi kò sì yé e. Ìgbà kejì ni a tó gbọ́ ara wa yé. Díẹ̀ ló kù kí n ti kú. »

Arákùnrin kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ wá ní: « Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí a fi sin ín. Àwọn ará ilé wa ní dókítà náà ló pa á. »

Gbogbo wa dákẹ́.

Dókítà kan náà ni o. Ta ló wá sọ òtítọ́ nínú wọn? Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Ìdí rẹ̀ ni a fẹ́ ṣe àlàyé fún yín níhìn-ín. Bí ó bá yé yín, yóò wúlò fún yín ní ọjọ́ tí inú bá ń run ẹ̀yin fúnra yín, tàbí ọmọ yín, tàbí ìyá yín.

TA NI DÓKÍTÀ INÚ?

Gbogbo dókítà ló kọ́ nípa inú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n tún fi ọdún mélòó kan sí i kọ́ nípa inú nìkan. Àwọn ni a ń pè ní dókítà inú. Ní èdè Faransé, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn wọn pé « gastro-entérologue ». Ọ̀rọ̀ náà gùn, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń ṣe ní kíláàsì, ẹ ó dá a mọ̀.

Iṣẹ́ dókítà yìí bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà ọ̀fun títí dé ihò ìdí. Oúnjẹ tí a gbé mì ń gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú àpò oúnjẹ. Láti ibẹ̀, ó ń bọ́ sínú ìfun kékeré, tí ó gùn tó mítà mẹ́fà nínú àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà, ó ń bọ́ sínú ìfun ńlá, tí ó gùn tó mítà kan àti ààbọ̀. Ẹ̀dọ̀ àti òróòro náà wà lára ohun tí dókítà yìí ń tọ́jú.

Ẹ wo bí ọ̀nà náà ti gùn tó! Ẹni tí ó bá sọ pé « inú ń run mí », tí kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, dà bí ẹni tí ó sọ pé ọkọ̀ òun bàjẹ́ lójú ọ̀nà Kútọnu sí Kétu. Níbo ló ti bàjẹ́? Ṣé ní Àjàṣẹ́ ni, ní Ṣakétẹ́ ni, tàbí ní Pobẹ̀? Kí ló kọ́kọ́ ṣe kí ó tó dúró? Ẹni tí yóò tún ọkọ̀ náà ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Dókítà inú kò pọ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, àwọn ìlú ńlá bíi Kútọnu àti Lomé ni púpọ̀ nínú wọn wà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí yín. Nọ́ọ̀sì tí ó wà níbẹ̀ lè wo ọ̀pọ̀ inú rírun sàn. Bí ó bá ju agbára rẹ̀ lọ, yóò kọ ìwé fún yín kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí ó tóbi jù ú lọ. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni yóò rán yín sí dókítà inú bí ó bá yẹ. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé náà.

INÚ KAN, ÀRÙN PÚPỌ̀

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Bàbá àgbẹ̀

Dókítà ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ẹnu bàbá yìí wọ inú àpò oúnjẹ rẹ̀. Rọ́bà náà kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ìka ọwọ́ tí ó kéré jù lọ. Iná kékeré àti ẹ̀rọ ayàwòrán wà ní orí rẹ̀. Dókítà ń wo inú aláìsàn bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. « Fibroscopie » ni ìwé Faransé ń pè é. Kò dùn ún gbà, èébì a máa gbé ènìyàn. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́: nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe é fún kò gbọ́dọ̀ jẹun fún wákàtí mẹ́fà, ó kéré tán, ṣáájú.

Dókítà rí ọgbẹ́ kan. Ó já ẹran bíńtín níbẹ̀, bí ẹni já ewé, láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rí kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí. Orúkọ rẹ̀ ni Helicobacter pylori.

Nígbà àtijọ́, àwọn dókítà gbà pé ata àti ìrònú ló ń fa ọgbẹ́ inú. Ní ọdún 1982, àwọn dókítà méjì ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, fi hàn pé kòkòrò yìí wà nínú àpò oúnjẹ àwọn tí inú ń ta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò gbà wọ́n gbọ́. Ní ọdún 1984, Marshall fúnra rẹ̀ mu omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ ọjọ́ púpọ̀ tí àìsàn fi mú un nínú. Ní ọdún 2005, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí. Ata lè mú kí ọgbẹ́ ta ènìyàn, ṣùgbọ́n ata kọ́ ló ń dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa ló ní kòkòrò yìí nínú. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń dá ọgbẹ́ sí lára. Ẹni tí ó bá dá ọgbẹ́ sí lára, oògùn wà fún un. Dókítà a máa da oògùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, ọjọ́ 14 ni a sì sábà máa ń lò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, inú lè ti rọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dá oògùn dúró, tí wọ́n ń fi ìyókù pamọ́ sínú àpótí. Kòkòrò tí ó kù á wá mọ oògùn náà, kò ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Bàbá àgbẹ̀ yìí lo oògùn rẹ̀ pé. Ó ń fi ẹfun sàmì sí ara ògiri lójoojúmọ́ títí ó fi di 14. Dókítà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, bàbá náà ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi yá.

2. Ìyá tí ó ń ta gàrí

Ìyá yìí náà ní ọgbẹ́ inú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fà á yàtọ̀.

Nígbà tí ó kọ́kọ́ lọ, ọkọ ọmọ rẹ̀ ló bá a lọ láti bá a túmọ̀ Faransé. Dókítà béèrè bí ìgbẹ́ rẹ̀ ti rí. Ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú kirikiri. Ṣùgbọ́n báwo ni ìyá àgbà yóò ṣe máa ròyìn ìgbẹ́ níwájú àna rẹ̀? Ó ní: « Ó dára. » Dókítà béèrè oògùn tí ó ń lò. Ó ní òun kò lo nǹkan kan. Dókítà kọ oògùn fún un, ó sì pe ẹni tí ó kàn.

Lẹ́yìn oṣù kan, ojú ń kọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun. Èmi ni mo bá a lọ ní ìgbà kejì. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà pé: « Ìyá, bí ẹ bá dín gàrí tán, tí ẹ̀yìn bá ń ro yín, kí lẹ máa ń ṣe? » Ó ní: « Mo máa ń gbé hóró oògùn iṣẹ́ mì ni. Ọ̀kan ní àárọ̀, ọ̀kan ní alẹ́. » Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó fi hàn mí. Diclofénac ni. Ọdún kẹta nìyẹn tí ó ti ń rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri oògùn lọ́jà. Kò purọ́ fún dókítà. Lójú tirẹ̀, oògùn àìsàn kọ́ nìyẹn, oògùn iṣẹ́ ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí. Diclofénac, ibuprofène àti aspirine máa ń dín ara ríro kù. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n lè dá ọgbẹ́ sí àpò oúnjẹ. Ọgbẹ́ náà lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láìsí pé ènìyàn mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ló ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ìyá náà lára. Dókítà ní kí ó má fi ẹnu kan oògùn yẹn mọ́, ó sì fún un ní èyí tí yóò jẹ́ kí ọgbẹ́ náà san. Ó wà láàyè, ó ń ta gàrí rẹ̀.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé oògùn tí a ń kiri nínú oòrùn lè jẹ́ ayédèrú. Ní ọdún 2017, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu. Ilé ìwòsàn tàbí fámásì ni kí ẹ ti ra oògùn.

3. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń ránṣọ

Wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Wọn kò rí ọgbẹ́, wọn kò rí kòkòrò, wọn kò rí kókó. Dókítà kọ ọ̀rọ̀ méjì sórí ìwé rẹ̀: « colopathie fonctionnelle ». Kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà rò pé wọ́n ní irọ́ ni òun ń pa.

Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ nìyí: ìfun kò ní ọgbẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ dàrú. Nígbà mìíràn, ó ń sáré jù, ìgbẹ́ á máa ṣàn. Nígbà mìíràn, ó ń lọ́ra jù, ìgbẹ́ á le. Afẹ́fẹ́ á kún inú, inú á máa run ènìyàn. Ìrora náà kì í ṣe irọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní i. Kì í pa ènìyàn, kì í sì í di jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n kì í tán ní ọ̀sẹ̀ méjì bíi ti bàbá àgbẹ̀. Ìtọ́jú ni ó fẹ́: kí ènìyàn mọ oúnjẹ tí inú rẹ̀ kò gbà, kí ó má jẹ àjẹjù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó máa mu omi, kí ó máa sùn dáadáa. Ìdààmú ọkàn a máa mú un le. Oògùn lè dín in kù.

Nítorí náà, « n kò rí nǹkan kan » jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Ó túmọ̀ sí pé àrùn tí ó burú kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò ṣàlàyé fún kò lè mọ̀ pé ìròyìn ayọ̀ ni. Níhìn-ín, dókítà ló jẹ̀bi. Ó wo inú aláìsàn dáadáa, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀.

4. Ẹ̀gbọ́n tí ó kú

Nígbà tí ọkùnrin yìí dé ọ̀dọ̀ dókítà, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí òróró. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ kún fún omi. Oṣù mẹ́jọ ló ti fi ń kiri kí ó tó dé ibẹ̀. Ó ti mu àgbo, wọ́n ti gún un ní gbẹ́rẹ́. Ó sì ń mu sódàbì lójoojúmọ́. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀. Jẹjẹrẹ ti wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Kòkòrò tí a ń pè ní « hépatite B » ló ti ń jẹ ẹ̀dọ̀ náà láti ọdún púpọ̀.

Ẹ̀dọ̀ kì í tètè ké. Ènìyàn lè ní kòkòrò yìí fún ogún ọdún, kí ó máa ro oko, kí ara rẹ̀ máa le, kí ó má mọ̀. Ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ. Ó ń ran ènìyàn láti inú ẹ̀jẹ̀, láti ara abẹ tàbí abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíràn ti lò, àti nípa ìbálòpọ̀. Jíjẹun pọ̀ nínú àwo kan kò ń ràn án. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà tí ń dènà rẹ̀. Oògùn sì wà fún ẹni tí ó ti ní i tí ó bá yẹ kí ó lò ó: kò lè lé kòkòrò náà lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó lè dá a dúró kí ó má ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ọtí líle ń mú ìbàjẹ́ náà yá. Bákan náà ni àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí ó ti bu: oró kan wà nínú rẹ̀ tí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ẹ sá àgbàdo àti ẹ̀pà yín kí wọ́n gbẹ dáadáa kí ẹ tó kó wọn pamọ́. Ẹ ṣa èyí tí ó bu kúrò. Ẹ má jẹ ẹ́.

Dókítà kò pa ọkùnrin náà. Ó pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí wọ́n sọ fún ẹbí náà tí ẹnikẹ́ni kò sọ: bí ẹnì kan nínú ilé bá ní hépatite B, ó yẹ kí ìyàwó, ọmọ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ó wà lórí ìwé tí olóògbé náà fi sílẹ̀, ní èdè Faransé. Ìwé náà wà nínú àpò láti ọjọ́ ìsìnkú. Kò sí ẹni tí ó kà á.

Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, arákùnrin náà àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n rí kòkòrò náà lára ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀dọ́ ni, ara rẹ̀ le, ó ń gun zemidjan. Kò mọ̀ rárá. Ó ti fi sódàbì sílẹ̀. Ó ń padà lọ fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

KÍ Ẹ TÓ LỌ: Ẹ KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Ẹ ti rí i báyìí. Dókítà kan náà ni, ṣùgbọ́n àrùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ kì í ṣe ọ̀kan náà. Àlàyé tí òun náà ṣe fún wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. A kò lè yan àrùn tí yóò mú wa. Ṣùgbọ́n a lè tún ọ̀rọ̀ tí a ń bá dókítà sọ ṣe.

Aláìsàn pọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn dókítà. Ó lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí yóò fún yín. Bí ẹ bá dé iwájú rẹ̀, ẹ̀rù lè mú kí ẹ gbàgbé ìdajì ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Nítorí náà, ẹ lo ìwé tí ẹ kọ́. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, ẹ mú bébà kan, kí ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí:

– Níbo ló ń run mí? Ṣé òkè ìdodo ni, ìsàlẹ̀ ni, apá ọ̀tún ni, tàbí apá òsì?
– Láti ìgbà wo?
– Báwo ló ṣe ń ṣe? Ṣé ó ń ta ni, ó ń lọ́ mi ni, tàbí ó ń gún mi?
– Kí ló ń mú un le? Kí ló ń mú un rọ̀?
– Báwo ni ìgbẹ́ mi ti rí? Ṣé ó ń ṣàn, ó le, ó dúdú, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀?
– Ṣé mo ń rù?
– Kí ni mo ń gbé mì tàbí mu? Gbogbo rẹ̀ ni: oògùn fámásì, oògùn ọjà, oògùn iṣẹ́, àgbo, ọtí, sìgá.
– Ta ló ti ní irú àìsàn yìí rí nínú ẹbí wa?

Ẹ wo bí ìyá tí ó ń ta gàrí ì bá ti kọ tirẹ̀:

« Inú ń run mí láti oṣù mẹ́ta. Òkè ìdodo ni. Ó ń ta bí iná. Ó máa ń le ní òru. Bí mo bá mu ẹ̀kọ, ó ń rọ̀. Ìgbẹ́ mi dúdú ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ojú ń kọ́ mi. Mo ń gbé diclofénac mì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti ọdún mẹ́ta. »

Ìlà díẹ̀ péré ni. Ìlà díẹ̀ yìí ì bá ti jẹ́ kí dókítà mọ ohun tí ó ń ṣe é ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí dókítà kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹni tí ó bá yín lọ lè kà á, kí ó túmọ̀ rẹ̀, ojú kò sì ní tì yín láti sọ ọ́.

Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú àpò kan, kí ẹ gbé e dání. Ẹ kó àwọn ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ pẹ̀lú. Ẹ yan ẹni tí yóò túmọ̀ dáadáa, ẹni tí ẹ lè sọ ohun gbogbo níwájú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ bẹ nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́ èdè yín.

NÍWÁJÚ DÓKÍTÀ: Ẹ BÉÈRÈ

Àwọn àgbà ní: bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Bíbéèrè kì í ṣe àrífín. Kí ẹ tó dìde lórí àga, ẹ béèrè ohun márùn-ún yìí:

1. Kí ni orúkọ àìsàn mi? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.
2. Àyẹ̀wò wo ni ẹ fẹ́ ṣe? Kí ni yóò fi hàn wá? Èló ni?
3. Báwo ni n ó ṣe lo oògùn yìí, ọjọ́ mélòó sì ni?
4. Kí ni kí n má jẹ, kí ni kí n má mu?
5. Ìgbà wo ni kí n padà wá? Kí ni n ó rí tí n ó fi sáré wá kí ọjọ́ náà tó pé?

Bí dókítà bá ń kánjú, ẹ rọra sọ pé: « Ẹ jọ̀wọ́, dókítà, kò tíì yé mi. » Bí kò bá ṣàlàyé síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Bí ara kò bá yá, ẹ padà lọ bá a kí ẹ tó pinnu pé kò mọ iṣẹ́. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ sí i, ẹ lè lọ bá dókítà mìíràn. Ẹ kó ìwé yín dání, kí wọ́n má baà tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí owó yín má baà ṣòfò.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ KÒ GBỌDỌ̀ DÚRÓ DI Ọ̀LA

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àmì wọ̀nyí, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru:

– Ènìyàn ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí èébì rẹ̀ dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí.
– Ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ó sì ń rùn gidigidi, tàbí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde.
– Inú ń run ún gan-an, ikùn rẹ̀ le bí pákó, pàápàá bí ibà bá wà lára rẹ̀.
– Kò lè yàgbẹ́, kò lè sọ afẹ́fẹ́, ikùn rẹ̀ ń wú, ó sì ń bì.

Ẹ má fún ẹni tí ikùn rẹ̀ le ní oògùn ìṣunú. Ẹ má sì rọ omi tàbí àgbo sí i ní ìdí. Ìfun rẹ̀ lè ti lu. Èyí lè pa á.

Àmì mìíràn wà tí kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó gbọ́dọ̀ mú yín lọ sí ilé ìwòsàn láàárín ọjọ́ díẹ̀: ojú tí ó pọ́n bí òróró, oúnjẹ tí kò lọ nínú ọ̀fun mọ́, rírù láìnídìí, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ìgbẹ́, àti inú rírun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

ÌPARÍ

Ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń ránṣọ padà lọ bá dókítà náà. Ó kọ ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ìlà mẹ́sàn-án. Ó ní nígbà tí dókítà rí bébà náà, ó gbé orí sókè, ó sì wo ojú òun fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Inú ṣì máa ń run ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń sùn, ó sì mọ ohun tí ó ń ṣe é. Kò tíì máa yin dókítà náà. Ṣùgbọ́n kò bú u mọ́.

Ẹ JẸ́ KÍ Á JÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyá tí ó ń ta gàrí kò sọ ní ìgbà àkọ́kọ́? Kí ló dé tí kò sọ ọ́?
2. Kí ló yẹ kí dókítà ṣe fún ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń ránṣọ tí kò ṣe?
3. Ṣé ìwé ilé ìwòsàn kan wà nínú ilé yín tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà? Ẹ mú un wá sí kíláàsì, tàbí kí ẹ gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì.
4. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ìlà márùn-ún nípa àìsàn kan tí ó ti ṣe yín rí, bí ẹ ó ti sọ ọ́ fún dókítà.